Ṣé ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn lè rin ọgbà òkìtì Ocmulgee ní Macon?

Ìyá Ìbejì, Marietta:

Ẹ̀yin ará mi ní Georgia, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ìyá mi dé láti Ọ̀yọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn láti wá bá wa gbé fún ìgbà díẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n sì ti dé, kò sí ibi tí ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ ju ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìtajà lọ. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, bí a ti ń darí bọ̀ láti ìsìn, wọ́n wo òde láti ojú fèrèsé mọ́tò, wọ́n ní, "Ṣé kò sí ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni, àbí wọn kì í fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, nítorí pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni.

Àwọn ìbejì mi, tí wọ́n pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, kọ́ nípa àwọn òkìtì Ocmulgee tó wà ní Macon, èyí tí àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà fi iyẹ̀pẹ̀ mọ láyé àtijọ́, ní ilé ìwé wọn, wọn kò sì jẹ́ kí n sinmi mọ́. Mo wá rò ó pé a lè fi ìrìn àjò kan ṣoṣo tẹ́ ìyá àti ọmọ lọ́rùn. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni orúnkún Màmá. Ẹni ọdún 73 ni wọ́n, orúnkún ọ̀tún wọn a máa dùn wọ́n bí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni di àwọn mú. Mo tún gbọ́ pé wọ́n sin òkú sínú àwọn òkìtì náà. Màmá kì í fi ọ̀rọ̀ ibojì ṣeré, n kò sì fẹ́ mú wọn dé ibi tí wọn yóò ti bá mi wí pé n kò sọ fún àwọn kí a tó kúrò nílé. Ní ti bàbá àwọn ọmọ, wọ́n ní àwọn kò rí ìdí tí ènìyàn yóò fi wa mọ́tò fún wákàtí kan ààbọ̀ nítorí òkìtì tí koríko hù lé lórí, nígbà tí òkìtì kún ẹ̀yìn ilé àwọn ní Ìsẹ́yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti débẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí ni a ó rí níbẹ̀ gan-an, báwo ni a ó sì ṣe rìn ín tí kò fi ní rẹ àgbàlagbà jù?

Àrìnnàkò:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àlejò Màmá. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí wọ́n fi ayọ̀ padà sílé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti lọ sí ọgbà náà, ẹ̀ẹ̀kan nínú rẹ̀ ni mo sì kó àwọn àgbà ìjọ wa méje lọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ orúnkún kì í ṣe àjèjì sí mi.

Ẹ kì í san kọ́bọ̀ kí ẹ tó wọlé. Agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni wọ́n ń ṣí i, agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tì í. Láti Atlanta, ẹ ó gba ọ̀nà I-75 lọ sí gúúsù títí ẹ ó fi dé Macon, ẹ ó yà sí I-16, kò sì ní pẹ́ tí ẹ ó fi bọ́ sí Emery Highway níbi tí ẹnu ọ̀nà ọgbà náà wà. Ẹ tètè kúrò nílé. Inú oṣù Kẹjọ ni a wà yìí, ẹni tó bá sì dé ibẹ̀ lágogo méjìlá ọ̀sán yóò jẹ́rìí sí i pé oòrùn Macon kò mọ àlejò.

Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á fẹ́ rin gbogbo rẹ̀ tán lọ́jọ́ kan. Bí a bá so gbogbo ipa ọ̀nà ẹsẹ̀ inú ọgbà náà pọ̀, wọ́n tó nǹkan bíi máìlì mẹ́jọ, àwọn kan gba inú igbó, àwọn kan gba orí àbàtà, Màmá kò sì nílò ju díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mú wọn lọ, nígbà tí ara wọn ṣì le, ni ilé alámọ̀ tí wọ́n ń pè ní Earth Lodge, tí kò jìnnà sí ilé tí wọ́n ti ń gba àlejò. Láti òde, bí òkìtì kékeré tí koríko bò ló rí, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àgbàlagbà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ó tó lè wọlé. Ọ̀nà tóóró tí ẹ ó gbà kọjá kò gùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọmọ kan ṣáájú Màmá, kí èkejì sì tẹ̀ lé wọn.

Nígbà tí ẹ bá nàró tán nínú ilé náà, ẹ ó rí gbọ̀ngán róbótó kan tí fífẹ̀ rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 42. Ojú iná wà láàárín rẹ̀. Ìjókòó 47 tí wọ́n fi amọ̀ mọ yí ẹsẹ̀ ògiri ká, wọ́n tò tẹ̀ léra bí ẹni pé àwọn tó ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lọ ni. Ní apá ibi tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, pèpéle kan wà tí wọ́n mọ ní àwòrán ẹyẹ idì, ìjókòó mẹ́ta sì wà lórí rẹ̀, èyí tó ní láti jẹ́ ti àwọn olórí wọn. Òrùlé àti ògiri tí ẹ ó rí jẹ́ èyí tí wọ́n tún kọ́ ní àwọn ọdún 1930, ṣùgbọ́n ilẹ̀ amọ̀ náà kì í ṣe àtúnṣe; òun gan-an ni ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn ìgbà náà fi ọwọ́ ara wọn rẹ́. Iná ló jó ilé náà láyé ìgbà yẹn, ara igi tó di èédú níbẹ̀ ni a sì ti mọ̀ pé ó ti wà láti nǹkan bí ọdún 1015. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà tí mo kó lọ, ìyá kan láti Ìlá, wo ilẹ̀ náà títí, wọ́n ní, "Ẹni tó rẹ́ ilẹ̀ yìí mọ iṣẹ́."

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má ṣe fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí òkìtì ńlá tí wọ́n ń pè ní Great Temple Mound. Ẹ padà sínú mọ́tò, nítorí ọ̀nà mọ́tò wà tó lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ibi ìgbọ́kọ̀sí sì wà níbẹ̀. Òkìtì náà ga tó ẹsẹ̀ bàtà 55, wọ́n sì kan àtẹ̀gùn onípákó sí i lára. Kí Màmá jókòó nísàlẹ̀ lábẹ́ igi pẹ̀lú ẹnì kan nínú yín; ẹ gbé àga tó ṣeé ká dání fún wọn. Àwọn tó bá gun òkè yóò rí àárín ìlú Macon ní apá kan, wọn yóò sì rí igbó etí odò ní apá kejì. Ẹ má gba àwọn ọmọ láyè láti sáré gba ara òkìtì níbi tí koríko wà o. Òfin ọgbà kò gbà á, ẹsẹ̀ ènìyàn sì ń jẹ iyẹ̀pẹ̀ náà kúrò díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ odò ni mo fẹ́ fi kún un, kí ẹ má baà rò pé ẹ ó bá omi lẹ́sẹ̀ òkìtì. Wọ́n la ọ̀nà I-16 gba àárín àwọn òkìtì àti odò Ocmulgee kọjá ní àwọn ọdún 1960, ẹni tó bá sì fẹ́ dé etí odò gbọ́dọ̀ rin ipa ọ̀nà tó gba abẹ́ ọ̀nà mọ́tò náà lọ. Mo ti rìn ín. Odò náà dára, ṣùgbọ́n ariwo ọkọ̀ àjàgbé kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí Màmá rí omi láìṣe wàhálà, ẹ mú wọn gba orí àwọn afárá onípákó tó wà lórí àbàtà lápá Walnut Creek, níbi tí alábahun ti máa ń yá oòrùn lórí igi tó ṣubú. Ọ̀nì wà nínú àbàtà náà, nítorí náà kí àwọn ìbejì má ṣe na ẹsẹ̀ sómi.

Bàbá Ṣadé:

Ẹ kú àlàyé, Àrìnnàkò, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ta kò yín lórí ohun kan. Nínú ooru oṣù Kẹjọ, òkìtì ńlá ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ lọ, kí oòrùn tó mú, nítorí kò sí òjìji kankan lórí rẹ̀. Inú Earth Lodge tutù ní gbogbo ìgbà, kò sí ohun tí yóò ṣe é bí wọ́n bá fi í sí ìgbẹ̀yìn. Èmi fi òkìtì sí ìgbẹ̀yìn lọ́dún kan, ìdajì àtẹ̀gùn ni ìyàwó mi ti jókòó, wọ́n ní kí n máa lọ, pé àwọn yóò gbọ́ ìròyìn.

Olùkọ́ Ìtàn:

Ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ̀yin ará. Bàbá àwọn ọmọ ni mo fẹ́ dá lóhùn, nítorí ìbéèrè wọn kì í ṣe ìbéèrè àìmọ̀kan. Ojú lásán kò lè ya òkìtì tí ènìyàn mọ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí àgbàrá kó jọ. Àwọn tó mọ àwọn òkìtì wọ̀nyí, láàárín nǹkan bí ọdún 900 sí 1100, kò ní ẹṣin, wọn kò ní kẹ̀kẹ́ ẹrù, wọn kò sì ní irin. Apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi ru iyẹ̀pẹ̀ náà, ẹrù kan lẹ́yìn òmíràn. Bí bàbá bá dúró lẹ́sẹ̀ òkìtì tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 55, kí wọ́n fi èyí sọ́kàn kí wọ́n tó gbé e wé ti ẹ̀yìn ilé.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1933, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀, ìjọba àpapọ̀ kó àwọn tí kò níṣẹ́ jọ láti wa ilẹ̀ náà lábẹ́ ìdarí awalẹ̀pìtàn kan tó ń jẹ́ Arthur Kelly. Ìgbà kan wà tí wọ́n tó 800 lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà láyé. Ní ọdún 1935 wọ́n rí ẹnu ọ̀kọ̀ kan tí wọ́n fi òkúta gbẹ́, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Clovis, èyí tó fi hàn pé ọdẹ ti ń rin igbó ibẹ̀ ní ohun tó lé ní 10,000 ọdún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ohun tí èmi fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n rí kì í ṣe ohun tí a lè gbé sínú gíláàsì. Nígbà tí wọ́n wa ìsàlẹ̀ òkìtì kan tí wọ́n wá sọ ní Cornfield Mound, ebè ni wọ́n bá níbẹ̀. Ebè oko ni mo wí o, tí ènìyàn kọ, tó tò lọ gbọọrọ pẹ̀lú poro láàárín. Wọ́n ti dá oko síbẹ̀ kí wọ́n tó mọ òkìtì lé e lórí, òkìtì náà ló sì bo ebè náà mọ́lẹ̀ tí òjò àti àgbàrá kò fi lè tú u ká. Ẹ kò lè fi ojú rí ebè náà lónìí, ṣùgbọ́n ẹ lè dúró ti òkìtì ọ̀hún, ẹ̀gbẹ́ Earth Lodge ló wà.

Ní ti ibojì, òótọ́ ni ohun tí Ìyá Ìbejì gbọ́. Òkìtì kan wà tí wọ́n ń pè ní Funeral Mound, àwọn awalẹ̀pìtàn sì bá òkú tó lé ní 100 níbẹ̀. Òun nìkan ni òkìtì òkú nínú àwọn tí ẹ ó rí, ẹ sì lè wò ó láti òkèèrè láìsún mọ́ ọn. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ nípa rẹ̀ ni pé kì í ṣe odindi rẹ̀ ló ṣẹ́kù: ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n la ojú irin rélùwéè gba ilẹ̀ náà kọjá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹ̀ẹ̀kejì sì gé apá ńlá kúrò lára òkìtì òkú yìí. Ọkọ̀ ojú irin ṣì ń gba ibẹ̀ di òní, ẹ ó gbọ́ ọ. Láti ọdún 1990 ni òfin àpapọ̀ ti sọ ọ́ di dandan fún àwọn ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé láti bá àwọn ọmọ onílẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí egungun baba ńlá wọn àti láti dá a padà fún wọn. Kí ẹ sọ èyí fún Màmá kí ẹ tó kúrò nílé ló dára jù.

Kí ẹ tún jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ ẹni tó ni ibẹ̀. Àwọn Muscogee, ẹ̀yà kan nínú àwọn ọmọ onílẹ̀ náà, ka ilẹ̀ náà sí orírun wọn. Nǹkan bí ọdún 1690 ni àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì láti Charleston wá kọ́ ilé ìtajà sí àárín àwọn òkìtì náà, wọ́n ń fi ìbọn, aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ gba awọ àgbọ̀nrín. Ochese Creek ni wọ́n ń pe odò náà nígbà náà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń pe àwọn ènìyàn náà ní Creek títí di òní. Nínú àdéhùn ọdún 1805, ìjọba Amẹ́ríkà gba ilẹ̀ wọn títí dé etí odò, ṣùgbọ́n àwọn Muscogee kọ̀ láti yọ̀ǹda ibi tí àwọn òkìtì wà. Ilẹ̀ tó fẹ̀ ní máìlì mẹ́ta tó sì gùn ní máìlì márùn-ún ni wọ́n dì mú. Ọdún mọ́kànlélógún péré ló fi wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó di ọdún 1836, ìjọba kó wọn kúrò ní gúúsù ìlà-oòrùn pátápátá lọ sí ibi tó di Oklahoma lónìí, níbi tí wọ́n ti sọ olú ìlú wọn tuntun ní Okmulgee.

Ọgbà náà di ti ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 1936, wọ́n sì sọ ọ́ di National Historical Park ní ọdún 2019, wọ́n fẹ ààlà rẹ̀ kọjá ti tẹ́lẹ̀.

Ọmọ Ọdẹ:

Ọ̀rọ̀ tèmi kò pọ̀: eégbọn. Mo wọ ṣòkòtò péńpé rin ipa ọ̀nà etí odò lọ́dún tó kọjá, méjì ni ìyàwó mi fi ẹ̀mú yọ lẹ́yìn orúnkún mi ní òru ọjọ́ náà. Kí gbogbo yín wọ ṣòkòtò gígùn, kí ẹ ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀, kí ẹ sì fi òróró tó ń lé ẹ̀fọn pa ara. Bí Màmá bá ṣì máa wà níhìn-ín nínú oṣù Kẹsàn-án, nígbà náà ni wọ́n máa ń ṣe ayẹyẹ àwọn ọmọ onílẹ̀ nínú ọgbà náà. Àwọn Muscogee máa ń ti Oklahoma wá, wọ́n á jó, wọ́n á pìtàn, wọ́n á sì pàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Ìyá Ìbejì, Marietta:

Ẹ̀yin ará, a lọ, a sì bọ̀ láyọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, agogo mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a débẹ̀. Mo ti sọ fún Màmá nípa òkìtì òkú kí a tó kúrò nílé gẹ́gẹ́ bí Olùkọ́ ti wí. Ohun tí wọ́n fi dá mi lóhùn ni pé ibi tí ènìyàn bá ti gbé pẹ́, òkú gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tí a dé iwájú rẹ̀, inú mọ́tò ni wọ́n wà, wọ́n tẹ orí ba díẹ̀, ó sì tán síbẹ̀.

Ìmọ̀ràn Bàbá Ṣadé ni a tẹ̀ lé, òkìtì ńlá ni a kọ́kọ́ lọ. Mo gbàgbé àga sílé, ẹ dárí jì mí. Orí kúlà tí a gbé oúnjẹ sí ni Màmá jókòó lé lábẹ́ igi, àwọn ìbejì bá bàbá wọn gòkè. Nígbà tí bàbá wọn sọ̀ kalẹ̀, òógùn ti bò wọ́n, wọn kò sì mẹ́nu kan ẹ̀yìn ilé Ìsẹ́yìn mọ́.

Nínú Earth Lodge, Màmá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di àwọn mú. Wọ́n fi ọwọ́ kan ti orúnkún, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń rìn lọ, wọ́n ń sọ̀rọ̀ sẹ́yìn sí mi pé ẹni tó kọ́ irú ẹnu ọ̀nà yìí kò fẹ́ kí olè rí ọ̀nà sá jáde ni. Kẹ́hìndé ka ìjókòó 46, Táíwò ka 47, wọ́n jà títí òṣìṣẹ́ ọgbà kan fi dá sí i. Ṣùgbọ́n ibi tí Màmá ti pẹ́ jù ni ìdí òkìtì tí ebè wà lábẹ́ rẹ̀. Oko àgbàdo ni wọ́n dàgbà sí. Wọ́n ní kí n béèrè bí poro ṣe fẹ̀ tó, òṣìṣẹ́ náà kò sì lè sọ. Wọ́n bá fi ẹsẹ̀ wọn lé ilẹ̀, wọ́n sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n tún sún un, wọ́n ní kò lè ju báyìí lọ, nítorí bí ó bá ju báyìí lọ, ilẹ̀ ṣòfò. Àwọn ìbejì náà ń fi ẹsẹ̀ wọn sún ilẹ̀ lẹ́yìn wọn.

Bí a ti ń padà bọ̀ ni mo sọ ọ̀rọ̀ Oklahoma fún wọn, àti orúkọ tí àwọn Muscogee fún olú ìlú tuntun wọn. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Àwọn náà gbé orúkọ ìlú dání." Ó tó ìṣẹ́jú kan kí ó tó yé mi: Ọ̀yọ́ tí wọ́n bí wọn sí, Àgọ́ Ọ̀jà ló ń jẹ́ kí Aláàfin Àtìbà tó tẹ̀dó síbẹ̀, lẹ́yìn tí ogun tú Ọ̀yọ́ Ilé ká. Ọdún díẹ̀ péré ló wà láàárín rẹ̀ àti ọdún 1836 tí wọ́n kó àwọn Muscogee lọ.

Wọ́n bi mí bóyá àwọn ará Oklahoma máa ń padà wá wo ilé. Mo sọ ohun tí Ọmọ Ọdẹ wí nípa oṣù Kẹsàn-án. Láti àná ni wọ́n ti ní kí ọkọ mi béèrè bóyá a lè sún ọjọ́ ìpadàbọ̀ wọn síwájú. Ẹni tó bá mọ ọjọ́ tí ayẹyẹ náà yóò bọ́ sí lọ́dún yìí, kí ó jọ̀ọ́ kọ ọ́ síbí kí a tó san owó ìyípadà tíkẹ́ẹ̀tì. N ó gbé àga dání lọ́tẹ̀ yìí.